Ohun Tó Ń Bí Ojú Mi Nínú

Nọ́ọ̀sì Olúbọ̀dé ní Ẹ̀gbẹ̀ ló fún mi ní ìwé náà,
ìwé ogójì ojú-ewé, tó ní ìsọdipúpọ̀ lẹ́yìn.
Ó ní, "Rosésíà ni wọ́n ń pè é. Kò ní pa ọ́,
ṣùgbọ́n ó ní ohun tó ń tọ́ ọ níjà.
Bí ojú bá ti gbóná, kọ ohun tó ṣáájú.
Tìrẹ ni kí o kọ, má kọ ti aládùúgbò."
Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi:
"Awọ dúdú mọ nǹkan bò. Òyìnbó a pọ́n bí ata,
tìrẹ a kàn ṣú díẹ̀ sí i, bí ìkòkò tó ń ronú."
Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà gbóná.
Òun ni mo kọ́kọ́ kọ: ẹ̀rín.

Mọ́ńdè. Oòrùn Ògìdì.
Ó kọ́kọ́ bá àpáta jà, àpáta kò dáhùn,
ó wá kọjú sí mi níbi tí mo ti ń to àwọn ọmọ sí ìlà.
"Ẹ dúró gbọn-in!" Èmi gan-an ni n kò lè dúró.

Túsìdè. Agbada gààrí Ìyá Mórohùnmúbọ̀.
Mo ní kí n bá a yan án fún ìgbà díẹ̀ péré.
Èéfín kò ṣe mí ní nǹkan kan. Ooru iná ni.

Ata wẹẹrẹ: n kò kọ ọjọ́ sí i, ojoojúmọ́ ni.
Ta ló ń jẹ iyán pẹ̀lú ọbẹ̀ tí kò ta lẹ́nu?
Ọkọ mi tọ́ ọ wò, ó wò mí, ó dákẹ́,
ó lọ gún ata tirẹ̀ lọ́tọ̀.
Kì í ṣe àìsàn, ṣùgbọ́n mo kọ ọ́ sí etí ìwé:
ọkọ mi gún ata fúnra rẹ̀.

Èyí tí n kò fẹ́ kọ nìyí.
Ọdún méjì sẹ́yìn, ní ọjà Kàbbà,
ọmọbìnrin kan bu ìpara sínú ike fún mi. Kò ní orúkọ.
Ọ̀sẹ̀ kìíní, ojú mi ń dán bí dígí,
Dúpẹ́mí ní kí n bù fún òun.
Ọ̀sẹ̀ kẹjọ, mo dá a dúró. Ojú gbẹ̀san.
Nọ́ọ̀sì ka ibẹ̀, kò bá mi wí,
ó kàn fi bírò fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀.

Ọ̀kadà láti Kàbbà, nínú ọyẹ́.
Mo ti rò pé òtútù ni ìtura. Irọ́ ni.
Atẹ́gùn gbígbẹ náà ní èékánná.

Ọ̀gá Ọbáníyì pè mí sí ọ́fíìsì:
"Tíṣà, wọ́n ní ẹ máa ń mu nǹkan kẹ́ ẹ tó wá."
Èmi tí n kò mọ bí ẹmu ṣe rí lẹ́nu!
Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà;
ojú tèmi ń sọ ohun tí n kò rán an.
Ojú tì mí, ó gbóná;
bó ṣe ń gbóná ni ojú túbọ̀ ń tì mí.
Mo kọ ọ́: ìtìjú. Mo pa á rẹ́. Mo tún un kọ.

Ó ku kọfí.
Bàbá mi ló gbìn ín sẹ́yìn òkè, òun ló ń yan án,
ife kan fún mi ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sátidé.
Mo ní nọ́ọ̀sì ní kí n ṣọ́ra fún un.
Ó wo ife náà títí. "Ṣé kọfí ni, àbí gbígbóná rẹ̀?"
Ẹnikẹ́ni kò tíì bi mí bẹ́ẹ̀.
Ó gbé ife méjèèjì sójú fèrèsé títí ilẹ̀ fi ṣú.
A mu ún. Ó fún ojú pọ̀.
"Ó burú," ó ní, ó sì tún bu díẹ̀ sí i.
Mo dúró de ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Kò sọ̀rọ̀.
Mo ṣí ìwé, mo kọ:
kọfí tútù, èmi àti Bàbá.
Mo fi iwájú rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo.